Ẹ̀kọ́ 14: Ìwé kíkà nígbà ìsinmi

Ọmọ tí ó yege CEP ní Sèmè-Kpodji yóò wọ CEG ní oṣù kẹsàn-án. Níbẹ̀, olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè dá ìwé kà. Bí kò bá kàwé nígbà ìsinmi, yóò gbàgbé púpọ̀.

Bí ó bá ti ọjà tàbí etí òkun dé, ẹ jẹ́ kí ó ka ojú ìwé méjì sókè. *L'Enfant noir* dára, ìwé Camara Laye tí ó jáde ní 1953, nípa ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Gínì. Kí ó wá fi Yorùbá sọ ohun tí ó kà. Báyìí ni òbí tí kò gbọ́ Faransé yóò fi mọ̀ bóyá ó yé e.

Ìbéèrè: Ta ni yóò kàwé fún yín lálẹ́ òní?