Kí Ẹ Tó Di Ẹ̀rọ Ru Ọlọ́kọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ra ẹ̀rọ ní Suame Magazine, ní Kumasi, mo mọ̀ pé léètì, ẹ̀rọ tó ń gé irin, pọ̀ níbẹ̀. Láti 1980 tí yunifásítì KNUST ti dá ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ ITTU sílẹ̀ ládùúgbò náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní lílò rẹ̀. Gbígbé e délé ló nira.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà. Píkọ́ọ̀pù tí agbára rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lè fi tírélà kékeré fa mẹ́ta kúrò nílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni bíréèkì yóò ti kọ̀ jálẹ̀. Ẹ wo táyà, ẹ wo iná ẹ̀yìn, ẹ wo ìkọ́ tó so tírélà kékeré náà mọ́ ọkọ̀. Apá ibi tí mọ́tò léètì wà ló wúwo jù; ẹ jẹ́ kó kọjú síwájú, kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹrù tẹ ìkọ́ náà. Bí ẹrù bá tẹ̀ sẹ́yìn, tírélà á máa jù bí ìrù ajá lójú títì. Ṣéènì ni kí ẹ fi dè é, ẹ yéé fi okùn ọ̀rá ṣe é!

Owó ńkọ́? Ẹ san díẹ̀ fún awakọ̀, kí ìyókù dúró títí ẹ̀rọ yóò fi sọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò gbé e sọ̀, ta ni yóò san án bó bá fọ́? Awakọ̀ Kumasi mọṣẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n “a ó yanjú ẹ̀” kì í ṣe àdéhùn. Bí ẹ ò bá sì gbọ́ Twi, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání lọ ná ọjà náà.