Fèrèsé Àyọjú Orí Kọ̀ǹpútà àti Títẹ Àmì Ohùn Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò fún Olùkọ́ ní Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Ní 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode buwọ́ lu òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Síbẹ̀, kò ṣòro láti rí ìwé ìdánwò Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ìwà ọ̀lẹ ni a sábà máa ń di ẹ̀bi náà rù. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, pàápàá lára ìhùwàsí fèrèsé kékeré tí a fi ń yan lẹ́tà.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Bí a bá tẹ "Oko Bola wa ni Ikotun", kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà? Ó lè jẹ́ oko tí a ń dá, ọkọ tí a ń fẹ́, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá nílé lè fi òye gbé e. Ṣùgbọ́n onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé Alímọ̀ṣọ́. Ọmọ Íbò, ọmọ Ẹdó àti ọmọ Ègùn ń bá ọmọ Yorùbá jókòó ní kíláàsì kan náà. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwé tí olùkọ́ tẹ̀ ni àwòkọ́ṣe. Bí àwòkọ́ṣe bá wọ́, kí ni ọmọ yóò fi tọ́ ọ?

Ohun tí fèrèsé àyọjú jẹ́

Fèrèsé àyọjú ni fèrèsé kékeré tí ó ń yọ sórí èyí tí a ń lò, tí ó sì ń wọlé padà nígbà tí a bá ti yan ohun tí a fẹ́. Bí a bá di bọ́tìnnì "e" mú lórí fóònù, irú rẹ̀ ni ó máa ń yọ. Kọ̀ǹpútà Apple náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó báyìí ní 2011: a ó di lẹ́tà mú, a ó sì tẹ nọ́ńbà èyí tí a fẹ́.

Àléébù mẹ́ta àti àtúnṣe wọn

Àkọ́kọ́ ni ètò àwọn lẹ́tà. Nígbà tí ti Apple kọ́kọ́ jáde, è, é, ê, ë àti àwọn mìíràn wà lábẹ́ "e" lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ kò sí níbẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èdè tí a ń tẹ̀ ni ó yẹ kí fèrèsé náà wò kí ó tó to lẹ́tà: ẹ, é, è, ẹ́ àti ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Èkejì ni kóòdù. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan. Lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú àwọn ètò kan, bí a bá fẹ́ pa ẹ́ rẹ́, àmì orí rẹ̀ nìkan ni yóò lọ. Fèrèsé tí ó dára yóò fi ẹ́ hàn bí ẹyọ kan, yóò sì tẹ kóòdù méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí fèrèsé ń dúró. Bí ó bá bo ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀, òǹtẹ̀wé kò ní mọ ohùn tí ó kù. Àtúnṣe gidi ti wà lórí èyí. GTK jẹ́ àkójọ irinṣẹ́ tí àwọn olùkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà fi ń ṣe fèrèsé àti bọ́tìnnì, pàápàá lórí Linux. Nínú GTK 4, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá 2020, fèrèsé àyọjú ní ojú tirẹ̀, ó sì lè kọjá ààlà fèrèsé ńlá. Lórí Wayland, ètò yóò sọ ibi tí ó fẹ́ kí fèrèsé náà so mọ́. Bí àyè kò bá gbà á, a lè yí i sí òdìkejì, kí a sún un, tàbí kí a dín in kù.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Kí olùkọ́ tó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, kí ó fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù rẹ̀; Gboard ní ọ̀kan. Kí ó tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wò, kí ó pa wọ́n rẹ́, kí ó tún wọn tẹ̀, kí ó sì tẹ ojú ewé kan jáde sórí bébà. Bí ó bá gbé iṣẹ́ fún òǹtẹ̀wé, kí ó fúnra rẹ̀ yẹ àmì wò kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà. Bákan náà, kóòdù GTK ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni sì lè kọ àròyé ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Onímọ̀ èdè ni ó lè sọ fún wọn pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ètò lẹ́tà, kóòdù àti ìdúró fèrèsé kékeré lè ran àkọtọ́ lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n ṣe é ní jàǹbá. Kì í ṣe pé kí olùkọ́ fi ẹ̀rọ ṣe àwáwí. Kí ó mọ ibi tí ẹ̀rọ kù sí, kí ó béèrè àtúnṣe, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọ Ìkòtún tàbí Ìgàndó pàdánù máàkì nítorí àmì tí ẹlòmíràn kò tẹ̀.