Orí Kẹjọ: Nígbà Tí Ọmọ Bá Ti Ilé Ìwòsàn Dé

Ọmọ náà ti di ẹni ọdún 23. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ni ó ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nítorí oògùn olóró. Bí ó ṣe wọlé, ìyá rẹ̀ yára mú póòsì lórí tábìlì, ó tì í bọ abẹ́ ìró. Ọmọ rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá kò jẹ̀bi: owó ti sọnù nínú ilé yẹn rí. Ọmọ náà kò jẹ̀bi bí ó bá dùn ún. Báwo ni wọn yóò ṣe jọ máa gbé?

Àìsàn ni

Tírámádò, kódíìnì, kólórádò: gbogbo wọn ni ó ń da ọpọlọ rú. Bí wọ́n bá ti di bárakú, ìlérí nìkan kò tó láti fi jáwọ́. Oògùn lè tètè kúrò lára, ṣùgbọ́n ó lè gba ọpọlọ ní oṣù púpọ̀ kí ó tó bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí ọmọ náà kì í fi í rí oorun sùn, tí inú sì tètè ń bí i.

Ẹ wo ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ara rẹ̀ lè balẹ̀ fún ọdún kan, kí ẹ̀jẹ̀ náà tún ru. A kì í tìtorí ìyẹn lé e jáde. Dókítà ni a ń mú un padà lọ bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe bí ọmọ bá yẹsẹ̀.

Ohun tí òbí lè ṣe

Àgbàlagbà ni ọmọ náà. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ jọ ṣe àdéhùn: oògùn olóró kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí; kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ dókítà jẹ. Bí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ san owó náà fún ọ̀gá rẹ̀ tààrà. Ẹ ti oògùn ara ríro àti oògùn ikọ́ mọ́ inú àpótí. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Ewu ńlá

Ara tí ó ti sinmi oògùn kò lè gba ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n àtijọ́ yẹn lè pa á. Bí ẹ bá jí i tí kò jí, tí ó ń mí díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Ẹ lè pe NDLEA, àjọ tí ó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 080010203040 fún ìmọ̀ràn.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ní oṣù kẹta tí ọmọ náà ti padà sílé, ìyá náà nawọ́ ₦1,000 sí ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ ra búrẹ́dì wá. Ó lọ, ó bọ̀, ó kó ṣéńjì lé tábìlì. Póòsì ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí a ran ọmọ lọ́wọ́ àti kí a máa bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀?
2. Ta ni òbí lè finú hàn ní àdúgbò yín?