Nígbà Tí Àgbàrá Bá Wọ Ìsọ̀

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ jẹ́ ká wo bí òǹtajà kékeré náà ṣe lè kọ̀ fún àgbàrá.

Àwọn ará Ìbàdàn mọ omíyalé dáadáa. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé ọjà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sódò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó fà á.

Ọ̀pọ̀ òǹtajà kékeré ni kò ní adójútòfò. Ọjà inú ìsọ̀ ni owó òwò wọn. Bí omi bá gbé ọjà, owó òwò lọ nìyẹn.

Ẹ wo ìsọ̀ kan lẹ́bàá gọ́tà, níbi tí ìyá kan ti ń ta ìrẹsì, gààrí, ṣúgà àti abọ́ ike. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé lọ́dún tó kọjá. Ó to búlọ́ọ̀kù, ó tẹ́ pákó lé e títí pẹpẹ fi ga ju ìlà náà lọ. Ṣúgà ló wà lókè pátápátá, torí yíyọ́ ló ń yọ́ bí omi bá kàn án. Abọ́ ike ló wà nílẹ̀: bí ó bá rin, fífọ̀ ni. Ìwé tó kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí wà nínú ọ̀rá, ó sì ń gbé e lọ sílé lálaalẹ́.

Lásìkò òjò, kì í ra ọjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èrè rẹ̀ ń dín díẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò lè gbé ohun tí kò sí nínú ìsọ̀. Owó tó kù wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí àgbàrá bá ṣe é lọ́ṣẹ́, ó lè yáwó níbẹ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀.

Bí omi bá kan gààrí, ẹ má sá a sóòrùn kí ẹ tún tà á. Ìgbẹ́ máa ń wà nínú àgbàrá, ó sì lè fa kọ́lẹ́rà.

Ohun kan kù tí ìyá yìí kò lè dá ṣe. Bí ó bá mọ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ ga, ìsọ̀ aládùúgbò ni omi yóò yà sí. Gọ́tà tó dí, gbogbo ìlà ìsọ̀ ló gbọ́dọ̀ jọ kó o kí òjò tó dé.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí ṣúgà fi wà lókè, tí abọ́ ike sì wà nílẹ̀?
2. Àǹfààní wo ló wà nínú ríra ọjà díẹ̀díẹ̀? Kí ni ó ń náni?
3. Ibo ni omi dé ní ìsọ̀ yín lọ́dún tó kọjá? Ẹ fa ìlà síbẹ̀. Kí ni ó wà nísàlẹ̀ ìlà náà lónìí?