Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: ẸNI TÍ A RÁN LỌ FẸ́ ÌYÀWÓ

Ibi Kíkà: Gẹnẹsisi 24:1-9, 50-61, Numeri 32:20-30, Matteu 1:18-19
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Gẹnẹsisi 24:58

Abrahamu ti di arúgbó nígbà tí ó mú àgbà ìránṣẹ́ ilé rẹ̀ búra pé kì yóò fẹ́ ọmọbìnrin ará Kenaani fún Isaaki, bí kò ṣe láti inú àwọn ìbátan òun. (Orí yìí kò dárúkọ ìránṣẹ́ náà. Elieseri tí a máa ń pè é, inú orí 15 ni a ti mú un.)

Ẹ kíyè sí i pé ìránṣẹ́ náà kò sáré búra. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí òun yóò ṣe bí obìnrin náà bá kọ̀ láti bá òun wá. Ọlọ́gbọ́n ni. Abrahamu dáhùn pé kò gbọdọ̀ mú Isaaki padà sí ibẹ̀. Bí obìnrin náà bá kọ̀, ìbúra náà kò de ìránṣẹ́ mọ́. A ti fi ààlà sí iṣẹ́ náà kí ó tó kó ràkúnmí mẹ́wàá jáde.

Agbára Aṣojú

Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, àwọn olùkọ́ òfin Juu gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò dáadáa. Nínú Míṣínà, ìwé òfin tí a kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, a rí i pé ọkùnrin lè fẹ́ ìyàwó sọ́nà fúnra rẹ̀ tàbí nípa aṣojú; obìnrin pẹ̀lú lè yan aṣojú tirẹ̀. Èyí ju iṣẹ́ alárinà tí àwa mọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ni alárinà ń gbé lọ gbé bọ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣojú yìí bá fi owó tàbí ohun tí ó níye lórí fún obìnrin náà níwájú ẹlẹ́rìí méjì, tí òun sì gbà á, ó ti di aya ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ikú nìkan ni ó lè tú ìdè náà. Ìdí nìyí tí Josefu fi ń ro bí yóò ti kọ Maria sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ tíì máa gbé pọ̀.

Bí a bá rán aṣojú pé kí ó fẹ́ obìnrin kan ní ìlú báyìí, tí ó sì fẹ́ ẹ ní ìlú mìíràn, asán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn júwe ìlú tí yóò ti rí i, ìfẹ́sọ́nà náà múlẹ̀ níbikíbi. Bí aṣojú bá wá dalẹ̀, tí ó fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀ ńkọ́? Tirẹ̀ ni obìnrin náà! Àwọn olùkọ́ pè é ní ẹlẹ́tàn, síbẹ̀ wọn kò lè tú u ká.

“Bí” àti “Bí Kò Bá”

Mose sọ fún Gadi àti Reubẹni ohun tí wọn yóò gbà bí wọ́n bá bá àwọn ará wọn gòkè Jordani lọ sí ogun, ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá lọ. Láti inú èyí ni Rábì Meir ti kọ́ni pé àdéhùn tí a kò sọ ní apá méjèèjì kì í ṣe àdéhùn. Rábì Hanina ọmọ Gamalieli kò gbà fún un: ó ní Mose ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa pàdánù ìpín wọn ní Kenaani pẹ̀lú.

Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ká ní ọkùnrin kan sọ fún obìnrin pé kí ó di aya òun bí òun bá san owó fàdákà 200 fún un, tí kò sì sọ apá kejì. Lójú Rábì Meir, àdéhùn owó ti ṣubú, ìfẹ́sọ́nà sì dúró: obìnrin náà ti di aya, kò sì rí owó gbà.

Ní ilé Betueli, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ti gbà, ẹ̀bùn fàdákà àti wúrà sì ti wọlé. Síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìránṣẹ́ ń kánjú àtilọ, wọ́n pe Rebeka kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Bí Rebeka bá ti kọ̀, kí ni ìránṣẹ́ náà ìbá sọ fún Abrahamu?
2. Nígbà tí a bá rán wa lọ tọrọ ọmọ nílé onílé, àdéhùn wo ni a máa ń fi sílẹ̀ láìsọ, ta ni ó sì máa ń jìyà rẹ̀?