Òdòdó Igbó Wa Tó Di Èpò Lókè Òkun

Gbogbo wa la mọ ewé Akíntọ́lá. Òun la máa ń fún sójú ọgbẹ́ bí àdá bá ṣá wa níbi tí a ti ń gé koríko. Àtọ̀húnrìnwá ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ń dààmú àwọn àgbẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé tiwa náà ti sọdá sọ́hùn-ún?

Orúkọ rẹ̀ ni Oeceoclades maculata. Orchid ni, àmọ́ kì í gbé orí igi bí ọ̀pọ̀ orchid. Ilẹ̀ ló ń hù sí, lábẹ́ ibòji, níbi tí ewé ti jẹrà. Ewé rẹ̀ le, ó ní àmì wínníwínní bí awọ erè. Ìdí rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà kékeré, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí de ọ̀gbẹlẹ̀.

Áfíríkà ni ilé rẹ̀, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 1821 tí John Lindley, onímọ̀ ewéko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ lórúkọ, èyí tó ti Brazil wá ló wò. Ní 1974, wọ́n rí i ní Florida. Ó ti wà ní Puerto Rico náà.

Báwo ló ṣe ń tàn?

Èkíní, kóró rẹ̀ kéré bí eruku, atẹ́gùn ń gbé e. Kóró yìí kò ní oúnjẹ nínú o. Fọ́ńgáì inú ilẹ̀, ìbátan olú tí à ń jẹ, ló ń bọ́ ọ kó tó lè hù.

Èkejì, kò dìgbà tí kòkòrò bá wá. Ní Puerto Rico, wọ́n rí i pé bí ẹ̀kán òjò bá lu òdòdó rẹ̀, ọmọrí tó bo pollen á ṣí. Ọ̀pá tín-ín-rín tó gbé pollen dúró á wá tẹ̀ títí á fi kan stigma. Self-pollination nìyẹn! Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá dé ilẹ̀ tuntun lè di púpọ̀.

Nítorí náà, èpò kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ibi tí nǹkan bá hù sí ló ń sọ ọ́ di èpò. Nílé wa níbí, ọmọ onílé ni orchid yìí, ibòji ló sì fẹ́. Bí a bá gé gbogbo igi etí odò Ọbà, ó lè máa gbilẹ̀ ní Florida kó má ríbi gbé ní Ìwó. Bí ẹ bá rí ewé bí awọ erè lábẹ́ igi, ẹ dá àdá dúró, kí ẹ pe olùkọ́ Báyọ́lọ́jì.

Ìbéèrè fún SS2: Self-pollination ń ran ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ láti tàn. Kí ni àléébù rẹ̀?