Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: ẸDỌ̀ ÀTI ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ INÚ RẸ̀

Ẹ̀dọ̀ ni àká ara ènìyàn. Apá ọ̀tún ni ó wà, lábẹ́ egungun ìhà. Òun ni ó ń gba ohun tí ara rí nínú oúnjẹ, tí ó ń fi èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́, tí ó ń ṣe òróòro, tí ó sì ń sọ májèlé di ohun tí ara lè tì jáde. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, àti ohun tí ìyípadà wọn ń sọ fún oníṣègùn nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ bá wọ ẹ̀dọ̀.

1. Kí ni ẹ́ńsáìmù?

Ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì mọ bí ìwúkàrà kékeré ti í ṣiṣẹ́ nínú ìyẹ̀fun púpọ̀. Ní 1877 ni Wilhelm Kühne, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, mú orúkọ náà ẹ́ńsáìmù wá láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "nínú ìwúkàrà." Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ẹ́ńsáìmù. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń mú yá kánkán, kì í sì í tán nídìí iṣẹ́ náà.

2. Àwọn olùtọ́jú àká

Nínú ẹ̀dọ̀ tí ó dá ṣáṣá, ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní glucokinase ni olùgba ṣúgà. Ó dàbí olùtọ́jú àká tí kì í ṣílẹ̀kùn àfi nígbà ìkórè: bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, a gbà á pamọ́, bí ó bá dínkù, a fi í sílẹ̀ fún ọpọlọ àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Òmíràn, FBP1, ń ṣèrànwọ́ láti pèsè ṣúgà fún gbogbo ara ní àkókò ebi.

Nínú kókó jẹjẹrẹ, a sábà máa ń rí i pé glucokinase ti lọ, FBP1 ti dínkù, hexokinase 2 sì ti gba ipò. Èyí kò mọ ìkórè yàtọ̀ sí ìyàn. Bí ó ti wù kí ṣúgà kéré tó, a kó o, kí kókó náà lè máa dàgbà.

3. Kí ni èyí ń sọ nípa aláìsàn?

Bí àwọn oníṣègùn bá ti gé kókó jáde, wọn a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ẹ́ wò, wọn a wọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, wọn a sì máa ṣàkíyèsí aláìsàn náà fún ọdún púpọ̀. Wọ́n rí i pé, ní gbogbogbòò, àwọn tí hexokinase 2 pọ̀ nínú kókó wọn, tàbí tí FBP1 ti pòórá níbẹ̀, kì í pẹ́ láyé tó àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ èyí di ìdájọ́ ikú. A gbọ́dọ̀ wo bí kókó ti tóbi tó, bóyá ó ti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti agbára tí ó kù nínú ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú.

4. Òṣìṣẹ́ rere tí ń ṣe ibi láìmọ̀

Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A tọpa ikú náà títí a fi dé ìdí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà bíbu ṣe. Ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ewé tí ń pọ́n ni ó ń hù lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, májèlé rẹ̀ sì ni aflatoxin. Bí a bá jẹ ẹ́, àwọn ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ a fẹ́ wẹ̀ ẹ́ nù, ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ́ńsáìmù mìíràn a dè é, a sì lé e jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, apá rẹ̀ kò ká a mọ́, jẹjẹrẹ sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ewu náà di púpọ̀ bí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B bá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan láàárín àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 18,000 ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a tẹ̀ jáde ní 1994, fi hàn pé aflatoxin nìkan sọ ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ di bí ìlọ́po 3. Mẹ́dọ̀wú B nìkan, bí ìlọ́po 7. Àwọn méjèèjì pọ̀, bí ìlọ́po 59.

5. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

(a) Ẹ sá ẹ̀pà àti àgbàdo gbẹ kánkán lórí ẹní tàbí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe. Ẹ ṣa èyí tí ó bu kúrò, kí ẹ má sì tà á tàbí fi í bọ́ adìẹ. Iná ìdáná kì í pa májèlé yìí tán.

(b) Ẹ jẹ́ kí ọmọ titun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí a bí i.

(d) Kí àgbàlagbà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ìgbà tí ikùn bá wú tí ojú sì pọ́n, àrùn ti lọ jìnnà.

(e) Ẹ yẹra fún ọtí líle, ẹ sì ṣọ́ra fún àgbo tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mú ẹkún sun. Oníṣègùn lè ka ẹ́ńsáìmù nígbà tí kókó bá ti yọ. Àgbẹ̀ tí ń ṣa ẹ̀pà rẹ̀ lè mú kí ó má yọ rárá.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni iṣẹ́ glucokinase? Èé ṣe tí ẹ̀pà bíbu fi léwu jù fún ẹni tí ó ní mẹ́dọ̀wú B? Ta ni nínú ilé rẹ tí kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?